Báwo lèèyàn ṣe lè ká ìrònú ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń ṣìnà?

Adárò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí.

Mo mọ orúkọ àwọn àṣìṣe tí ọpọlọ máa ń ṣe: ká máa wá kìkì ẹ̀rí tó gbè wá lẹ́yìn, ká jẹ́ kí iye tá a kọ́kọ́ gbọ́ máa fà wá, ká rò pé iṣẹ́ máa tètè parí ju bó ṣe máa parí lọ. Tí wọ́n bá ní kí n ṣàlàyé wọn, ẹnu mi gbà á. Àmọ́ mímọ̀ yìí kì í ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mo bá wà lẹ́nu ìrònú gan-an. Ìgbà tọ́rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán ni mo máa ń rí i. Mo ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n tí mo bá padà kà á, àròyé ló kún inú rẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè fi tún ìrònú mi ṣe níbẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Kí ni kí n máa kọ gan-an, ìgbà wo ni kí n sì máa kọ ọ́? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ń sàn sí i lóòótọ́, tí kì í ṣe pé mo kàn ń tan ara mi? Ṣé ọ̀nà tiẹ̀ wà téèyàn fi lè rí àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn "máa fara balẹ̀" ti sú mi. Ohun tí mo lè fọwọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ sọ fún mi.

Alákọsílẹ̀:

Ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kọ kọ́ ló burú o, àsìkò tẹ́ ẹ̀ ń kọ ọ́ ni. Lẹ́yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ̀ ń kọ̀wé, ọpọlọ sì ti tún ìtàn náà tò nígbà yẹn. Baruch Fischhoff àti Ruth Beyth, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi èyí hàn lọ́dún 1975. Wọ́n ti ní káwọn èèyàn sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé oríṣiríṣi nǹkan máa wáyé nínú ìrìn àjò tí Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà fẹ́ rìn lọ sí Ṣáínà àti Soviet Union lọ́dún 1972. Lẹ́yìn ìrìn àjò náà, wọ́n ní káwọn èèyàn yẹn kan náà rántí iye tí wọ́n sọ. Àwọn nǹkan tí wọ́n gbà pé ó ti ṣẹlẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń rántí pé iye táwọn fún un ga ju èyí tí wọ́n fún un lóòótọ́. Wọn ò purọ́. Àbájáde ni ìrántí ń bá rìn. Tẹ́ ò bá ti kọ èrò yín sílẹ̀ kí àbájáde tó dé, kò sí ìwé tẹ́ ẹ máa fi bá ara yín ṣẹjọ́.

Torí náà, ìpinnu ni kẹ́ ẹ máa kọ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ṣáájú. Kì í ṣe gbogbo ìpinnu o. Èyí tó ṣòro láti yí padà, tàbí tó máa gbà yín ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ni kẹ́ ẹ kọ. Méjì lọ́sẹ̀ ti pọ̀ tó. Ìṣẹ́jú 10, ìlà 7 sí 10, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bó bá ti gùn, ẹ ò ní tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀: ìpinnu náà ní gbólóhùn kan, ó kéré tán ọ̀nà méjì mìíràn tẹ́ ẹ lè gbà ("kí n má ṣe nǹkan kan" wà lára wọn), ohun tẹ́ ẹ retí pé ó máa ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye ìdánilójú yín nínú 100, ìdí tó lágbára jù tí ẹ fi lè kùnà, àti bí ara yín ṣe rí ní wákàtí yẹn: ṣé ẹ sùn dáadáa, ṣé inú ń bí yín, ṣé ẹnì kan ń kán yín lójú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Òun gan-an ló sì máa ń sọ̀rọ̀ jù tẹ́ ẹ bá to ogún àkọsílẹ̀ síwájú yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo ìyàtọ̀ yìí. Àkọsílẹ̀ tí kò wúlò: "Mo rò pé iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí á lọ dáadáa." Àkọsílẹ̀ tó wúlò: "Ìtumọ̀ ojú ìwé 120 yìí á parí kó tó di ọjọ́ 30 oṣù yìí, 75 nínú 100. Ohun tó lè já a: ojú ìwé 80 sí 120 kún fún àtẹ ìṣirò tí n kò tíì ṣí wò." Ṣé ẹ rí i? Ìlà tó gbẹ̀yìn ti fi iṣẹ́ òní hàn yín. Ẹ lọ ṣí ojú ìwé 80. Bẹ́ẹ̀, ẹ ì bá má ronú kàn án tẹ́ ò bá kọ ọ́.

Ẹ má fo ìdí tó takò yín yẹn rárá. Koriat, Lichtenstein àti Fischhoff dán an wò lọ́dún 1980: àwọn tó kọ ìdí tí ìdáhùn wọn fi lè má tọ̀nà, ìdánilójú wọn wá bá òótọ́ mu sí i, àwọn tó kọ kìkì ìdí tó fi tọ̀nà kò rí ìyípadà bẹ́ẹ̀. Tí ìdí kankan ò bá wá síni lọ́kàn, ọgbọ́n kan wà tí Gary Klein, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé lọ́dún 2007: ẹ gbà pé oṣù mẹ́fà ti kọjá, nǹkan náà sì ti dàrú pátápátá. Ẹ má bi ara yín pé "kí ló lè bà á jẹ́?" "Kí ló bà á jẹ́?" ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kọ ohun tó bá wá. Bí ẹ bá ti gbà pé ó ti bàjẹ́, ẹnu ọpọlọ á là.

Tí ọjọ́ tẹ́ ẹ dá bá pé, ẹ ka ohun tẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ sì dájọ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé bí mo ṣe ronú dára? Ṣé àbájáde dára? Wọn kì í sábà bára wọn mu. Èyí tó léwu jù ni ìrònú burúkú tó so èso rere, torí ẹ máa tún un ṣe ni. Kí ẹ má sì máa pa ohun tẹ́ ẹ ti kọ rẹ́. Báírò ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín kó lè ní déètì.

Òǹkà:

Ọ̀rọ̀ ti Alákọsílẹ̀ sọ dára, ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì. Ẹni tó ní òun ń sàn sí i, kó fi iye hàn wá.

Lọ́dún 1950, Glenn Brier, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò kan jáde láti fi díwọ̀n àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Kò le rárá. Ẹ kọ ìdánilójú yín láàárín 0 sí 1. Bí nǹkan náà bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ 1. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ 0. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kẹ́ ẹ wá fi ohun tó kù lọ́po ara rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ yín, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí iye àsọtẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ṣe. Bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó, bẹ́ẹ̀ ló dára tó. (Bẹ́ ẹ bá lọ wo ìwé Brier fúnra rẹ̀, ẹ máa rí iye tó jẹ́ ìlọ́po méjì èyí. Ẹ má bẹ̀rù, ńṣe ló ka apá "á ṣẹlẹ̀" àti "kò ní ṣẹlẹ̀" pọ̀.)

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Àsọtẹ́lẹ̀ mẹ́rin: 0.9, ó ṣẹ, ó fún wa ní 0.01. 0.7, ó ṣẹ, 0.09. 0.6, kò ṣẹ, 0.36. 0.9, kò ṣẹ, 0.81. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1.27, ẹ pín in sí mẹ́rin, ó di nǹkan bíi 0.32. Ẹni tó sọ 0.5 sí gbogbo rẹ̀ láìronú rárá máa gba 0.25! Ẹni tó ronú wá burú ju ẹni tí kò ronú lọ. Ibo ló ti rí i? 0.9 kan ṣoṣo tó já yẹn ló kó 0.81 nínú 1.27. Ìdánilójú àṣejù lowó ìtanràn rẹ̀ pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí ìṣirò yìí fi wúlò fún irú ẹni tí Adárò ń sọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín àsọtẹ́lẹ̀ sí ọ̀wọ́: èyí tẹ́ ẹ sọ 60 sí, èyí tẹ́ ẹ sọ 70 sí, títí dé 90. Nínú ọ̀wọ́ 70, ṣé nǹkan bí 70 nínú 100 ló ṣẹ? Àmọ́ sùúrù o. Tó bá jẹ́ mẹ́wàá péré ló wà lọ́wọ́ yín, kí márùn-ún sí mẹ́sàn-án ṣẹ kò fi nǹkan kan hàn. Oríire lásán lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ẹ kó ọgbọ̀n jọ sínú ọ̀wọ́ kan kẹ́ ẹ tó dájọ́. Ibi tí ọ̀nà ti Alákọsílẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó nìyí: ìpinnu méjì lọ́sẹ̀ kò lè kún gbogbo ọ̀wọ́ lọ́dún kan. Àsọtẹ́lẹ̀ kéékèèké ni kẹ́ ẹ fi kún un, mẹ́ta lójúmọ́: ṣé lágbájá á dáhùn kó tó di ọ̀sán ọ̀la? Ṣé ìpàdé yìí á ju wákàtí kan lọ? Ṣé aṣiṣe inú ètò kọ̀ǹpútà yìí wà ní apá tí mo fura sí? Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ ti ní nǹkan bí 270.

Ohun tó ń bà á jẹ́: kéèyàn máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní "n ó sáré lọ́la, 80," ẹ máa dìde sáré kí iye yín má bàa bàjẹ́. Ó dára fún ara, àmọ́ kò wọn ìrònú yín. Ẹ ya ìyẹn sọ́tọ̀. Ẹ má sì kọ 100 láé.

Ojúlalákàn:

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè kẹta. Ìwé máa ń sọ ohun tó ti kọjá. Ẹni tó wà láàárín àríyànjiyàn kò ní ráyè mú báírò.

Lójú ẹsẹ̀, ẹ ò lè máa ṣọ́ "ẹ̀tanú". Ó ti gbòòrò jù, kò sì ní ojú téèyàn fi lè dá a mọ̀. Àmì kékeré tó máa ń ṣáájú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Díẹ̀ nínú wọn rèé: ìdáhùn ti dé ọkàn yín kí ẹni náà tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ sáré fojú fo ìpínrọ̀ kan nítorí pé ẹ ti mọ̀ pé kò tọ̀nà, ẹ̀ ń wá ẹ̀rí, ẹ rí ọ̀kan tó gbè yín, ọwọ́ sì dúró níbẹ̀, eyín yín há mọ́ra wọn, ọ̀rọ̀ bíi "ó dájú", "gbogbo èèyàn ló mọ̀" tàbí "kò sí bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀" ń bọ́ lẹ́nu yín nígbà tẹ́nì kankan ò tíì jiyàn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí etí gbọ́ ọ.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ fi bébà kékeré kan sínú àpò. Ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ká a mọ́, ẹ fa ìlà kan, ó tán. Ẹ má tíì tún nǹkan kan ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ kà á kẹ́ ẹ sì tún un ṣe pa pọ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì yín, ẹ ò sì ní rí i mọ́. Ìlà náà máa kọ́kọ́ pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà: ojú yín ló là, kì í ṣe ìrònú yín ló bàjẹ́ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ so ìgbésẹ̀ kan mọ́ àmì náà ní irú gbólóhùn "bí… bá…, n ó…" tí Peter Gollwitzer ti ṣèwádìí lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbésẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kéré débi tẹ́ ẹ máa fi lè ṣe é láàárín ìmí méjì. "Bí mo bá gbọ́ 'ó dájú' lẹ́nu ara mi, n ó sọ iye ìdánilójú mi nínú ọkàn." "Bí mo bá fojú fo ìpínrọ̀, n ó padà ka gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́." "Bí inú bá bí mi, n ó túbọ̀ ṣí ọkàn mi sílẹ̀" kò lè ṣiṣẹ́, nítorí "ṣí ọkàn sílẹ̀" kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ẹnu ṣe.

Àlámù náà wà. Russell Hurlburt ló sọ ọ̀nà yìí di iṣẹ́ ìwádìí: nǹkan á dún létí èèyàn láìròtẹ́lẹ̀, onítọ̀hún á sì kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ní kété kó tó dún. Ẹ lè fi fóònù ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, ní wákàtí tẹ́ ẹ kò mọ̀. Kì í ṣe "mò ń ka ìwé" lẹ máa kọ. Kí ló wà lọ́kàn? Ọ̀rọ̀ ni àbí àwòrán? Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà ló jẹ́, àbí èsì tẹ́ ẹ fẹ́ fún ẹnì kan? Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í dáa. Ẹ kà á sí ìdánrawò, ẹ sọ ọ́ nù.

Ohun kan tún wà. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Emily Pronin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 2002 pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀tanú wà lára ẹlòmíì ju bó ṣe wà lára àwọn lọ. Ẹ wá ẹnì kan tí kì í bẹ̀rù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ibi tẹ́ ẹ fì sí fún un, kẹ́ ẹ má sì bi í pé "kí lo rí sí i?" Ẹ ní: "Wo ètò yìí, níbo lo rò pé ó ti máa kọ́kọ́ já?"

Adárò:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òǹkà, báwo ni ká ṣe ṣe ti ohun tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí iye ọjọ́ tí iṣẹ́ máa gbà? Ẹ̀ẹ̀kejì, mò ń kọ́ ìṣirò ìwádìí (statistics) lọ́wọ́. Mo máa ń rò pé ó ti yé mi, àfi bí mo bá dé iwájú ìdánwò. Ṣé ìyẹn náà wà lára ọ̀rọ̀ tá à ń sọ?

Òǹkà:

Ẹ sọ iye méjì: èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, lọ́nà tí 80 nínú 100 irú rẹ̀ fi máa bọ́ sáàárín. Ẹ wá máa ka iye tó bọ́ sáàárín. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fún jù. Buehler, Griffin àti Ross (1994) bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn: wọ́n ní yóò gba nǹkan bí ọjọ́ 34, bí gbogbo nǹkan bá sì lọ lọ́nà tó burú jù, nǹkan bí 49. Ó gbà wọ́n ju ọjọ́ 55 lọ. Iye "tó burú jù" yẹn gan-an kò tó! Torí náà, ẹ má fi ọkàn ya àwòrán iṣẹ́ náà. Ẹ lọ wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ṣe rí, kẹ́ ẹ wo iye ọjọ́ tó gbà, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ìyá Olùkọ́:

Ọmọ mi Adárò, ó wà lára rẹ̀ dáadáa. Ohun tó ń dà ọ́ rú ni pé ohun tó bá ti mọ́ ojú wa lára máa ń dà bí ohun tó yé wa.

Rozenblit àti Keil (2002) ní káwọn èèyàn fún ara wọn ní máàkì, láti 1 sí 7, lórí bí nǹkan bíi síìpù tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi ṣe ń ṣiṣẹ́ ṣe yé wọn tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, kí wọ́n tún fún ara wọn ní máàkì. Máàkì náà wálẹ̀. Ṣe é fún ara rẹ lórí ohun tó ò ń kọ́. Kọ máàkì rẹ, pa ìwé dé, mú bébà òfìfo, kí o ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìfo ibì kankan. Níbi tó o bá ti kọ "lẹ́yìn náà ó kàn máa…", fa ìlà yí i ká. "Kàn" yẹn ni ihò náà. Padà sínú ìwé nítorí ihò yẹn nìkan, má ka gbogbo orí náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kíkà ní àkàtúnkà ló ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jù. Nínú ìwádìí Roediger àti Karpicke (2006), lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún àyọkà kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò láìwòwé ti fi wọ́n sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tún un kà ṣáá ló ní ìdánilójú jù pé àwọn á rántí! Ìdí nìyí tí o kò fi gbọ́dọ̀ bi ara rẹ pé "ṣé ó yé mi?" ní kété tó o bá kà á tán. Nelson àti Dunlosky fi hàn lọ́dún 1991 pé ìdájọ́ téèyàn ṣe lẹ́yìn àkókò díẹ̀ péye ju èyí tó ṣe lójú ẹsẹ̀ lọ púpọ̀. Dúró di alẹ́, tàbí ọjọ́ kejì. Kọ ìbéèrè nìkan síwájú ara rẹ, láìsí ìdáhùn rẹ̀, kí o sọ iye (0 sí 100), kí o wá dáhùn, kí o sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Nǹkan tí Òǹkà ń kọ́ yín náà nìyẹn.

Nítorí ìṣirò ìwádìí tí ò ń kọ́, ohun kan tún kù. Lọ́dún 1960, Peter Wason fún àwọn èèyàn ní 2, 4, 6, ó ní òfin kan wà nídìí rẹ̀. Kí wọ́n máa mú nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta wá, òun á sọ bóyá ó bá òfin mu. Bó bá dá wọn lójú, kí wọ́n sọ òfin náà. Ọ̀pọ̀ ló mú 8, 10, 12 wá. Ó bá a mu. 20, 22, 24. Ó bá a mu. Wọ́n wá fi ìdánilójú kéde pé "ẹ fi méjì kún un." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Nọ́ńbà mẹ́ta èyíkéyìí tó bá ṣáà ti ń ga sókè ni. 1, 2, 3 ì bá ti tú àṣírí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni kò fẹ́ dán ohun tí wọ́n rò pé ó máa sọ "rárá" sí wò. Nígbàkigbà tó o bá ní àlàyé kan lọ́wọ́, kọ ìdánwò kan tó o retí pé ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ "rárá" bí àlàyé rẹ bá tọ̀nà. Bí o kò bá rí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kọ, a jẹ́ pé àlàyé náà kò tíì sọ nǹkan kan.

Alákọsílẹ̀:

Ìyá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún un, torí Adárò ní àròyé ló kún ìwé òun. "Kí ló dé tí mo fi ṣe báyìí?" ni ìbéèrè tó ń mú àròyé wá, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣeé gbára lé. Nisbett àti Wilson (1977) to ìbọ̀sẹ̀ obìnrin mẹ́rin síwájú àwọn oníbàárà kí wọ́n yan èyí tó dára jù. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá ni wọ́n yàn jù. Nígbà tí wọ́n béèrè ìdí, kò sẹ́ni tó dárúkọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ náà wà. Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ bi wọ́n ní tààràtà bóyá ipò rẹ̀ ló fà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló sẹ́. Inú ọpọlọ kò ní fèrèsé téèyàn lè yọjú wò. Ohun tẹ́ ẹ rí, ohun tẹ́ ẹ ṣe àti wákàtí tẹ́ ẹ ṣe é ni kẹ́ ẹ kọ. Bí ogún àkọsílẹ̀ bá pé, ìdí á fara hàn fúnra rẹ̀: ẹ lè rí i pé gbogbo ìpinnu tó bàjẹ́ lẹ ṣe lálẹ́, tàbí pé ẹnì kan ń kán yín lójú ní gbogbo wọn.

Bí gbólóhùn kan náà bá sì ti jáde nínú ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta láìsí ìgbésẹ̀ kankan, ìrònú ti parí níbẹ̀, ìdààmú ló kù. Ẹ pa ìwé dé, kẹ́ ẹ lọ bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Adárò:

Ó ti yé mi. (Rárá, ẹ jẹ́ kí n má sọ bẹ́ẹ̀ lójú Ìyá Olùkọ́.) Ẹ bá mi wo àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ yìí: "Mo pinnu láti máa fi wákàtí kan kọ́ ìṣirò ìwádìí lójoojúmọ́. Ọ̀nà mìíràn: kí n gba olùkọ́, kí n má ṣe nǹkan kan. Mo retí pé n ó ti mọ̀ ọ́n dáadáa lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 85. Ohun tó lè já a: kí ó rẹ̀ mí. Ara mi le lónìí."

Alákọsílẹ̀:

Ọ̀nà mìíràn wà níbẹ̀, ó dára. "Mọ̀ ọ́n dáadáa" ni kẹ́ ẹ yọ. Ẹ fi "n ó gba ó kéré tán 14 nínú 20 ìbéèrè tó wà lẹ́yìn orí 6, láìṣíwèé, ní ọjọ́ báyìí" rọ́pò rẹ̀. "Kí ó rẹ̀ mí" kò tọ́ka sí ibì kankan: ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ló máa ń rẹ̀ yín jù? Ẹ dárúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́jọ́ náà. Ní ti 85, ìwé mélòó lẹ ti bẹ̀rẹ̀ báyìí rí, mélòó lẹ sì kà dé orí 6? Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn ná, kẹ́ ẹ tó kọ iye tuntun sí i.